Bí A Ṣe Ń Ṣí Ìwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Aṣàwákiri, Tí A Sì Ń Fi Í Pamọ́ Títí Yóò Fi Di Tiwa

Lójú ọ̀nà Ìwòròkò ní Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ti fara ti ara wọn nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, ìyẹn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹnìkan yóò na fóònù rẹ̀ sí oníṣọ́ọ̀bù, yóò ní lẹ́tà ìgbaniwọlé òun tàbí èsì ìdánwò òun wà nínú rẹ̀, òun fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọn yóò tẹ ohun tó fi pamọ́ náà, àmì róbótó kékeré kan yóò máa yí lójú fóònù, lẹ́yìn náà ni ojú ewé kan yóò yọ tí yóò máa béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀nà ibi tí lẹ́tà náà wà ni onítọ̀hún fi pamọ́, kò fi lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ pamọ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti òbí tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣe é, àti òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gba ìwé owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni a ó máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìwé tí kò bá ṣí nígbà tí a ti pa dátà, a kò tíì fi í pamọ́.

Ohun tí ẹ ní láti ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Aṣàwákiri tó péye: Chrome, Firefox tàbí Edge lórí fóònù Android àti kọ̀ǹpútà, Safari lórí iPhone. Opera Mini máa ń fún ojú ewé pọ̀ kó tó gbé e wá kí dátà má baà tán kíákíá. Ó dára fún kíka ìròyìn, ṣùgbọ́n ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ lè gba ibẹ̀ dé pẹ̀lú àbùkù, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.
- Áàpù tó lè ka PDF láìsí dátà, bí Adobe Acrobat Reader tàbí èyí tó ń bá Google Drive rìn. Bí ẹ bá ń retí ìwé Word, ẹ ní Google Docs tàbí WPS Office pẹ̀lú.
- Ààyè nínú fóònù. Fóònù tó ti kún kì í sábà sọ ọ́ jáde. Yóò kàn dá ìwé dúró ní agbede méjì ni.
- Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, pásíwọ́ọ̀dù, àti ìmeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀.
- Fóònù tí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Bí bàbá bá wà ní Adó tí síìmù wà lọ́wọ́ ọmọ ní Ọmùò, kí àwọn méjèèjì fi àdéhùn sí àkókò tí wọn yóò jókòó ti fóònù, nítorí pé nọ́ńbà ìdánilójú tí ìkànnì máa ń fi ránṣẹ́ kì í pẹ́ tí yóò fi kú.
- Dátà, àti bátìrì tó lè gbé yín dé òpin iṣẹ́. Kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó ń kú lọ nígbà tí iná kò dájú.

Ìpele 1: Ẹ ṣí línkì náà nínú aṣàwákiri gidi

Línkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí Facebook àti irú àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣí nínú Chrome. Inú áàpù náà fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí, nínú fèrèsé kan tó fara jọ aṣàwákiri, ṣùgbọ́n tí kò ní gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ lè ka ìwé níbẹ̀ kí ẹ sì yó, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì dáúnlóòdù ni ẹ ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmì tí ẹ fi lè dá a mọ̀ ni pé X wà ní igun òkè lápá òsì, kò sì sí nọ́ńbà tó ń fi iye táàbù tó wà ní ṣíṣí hàn. Ẹ tẹ àwọn dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ yan "Open in Chrome" tàbí "Open in browser". Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ línkì náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbà yín láàyè láti kọ́pì í, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí àdírẹ́sì Chrome.

Kí ẹ tó kọ pásíwọ́ọ̀dù kankan, ẹ ka àdírẹ́sì náà. Ọ̀nà tó yẹ kí a gbà kà á ni pé kí a wá àmì ìlà dídà (/) àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé orúkọ ìkànnì, kí a sì máa kà á padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ìkànnì Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì máa ń parí sí fuoye.edu.ng, ti EKSU sì máa ń parí sí eksu.edu.ng. Bí ẹ bá rí fuoye.edu.ng tí nǹkan mìíràn bí .com tún tẹ̀lé e kí ìlà dídà tó dé, ti ẹlòmíràn ni. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló lè gba orúkọ tó parí sí .edu.ng, ìjọba nìkan ló sì lè gba .gov.ng, ìdí nìyẹn tí ìparí orúkọ fi ṣe pàtàkì ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àgádágodo kékeré tí wọ́n máa ń sọ pé ká máa wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tó ń kọjá láàárín fóònù yín àti ìkànnì náà. Gbájúẹ̀ náà lè gba àgádágodo sí ìkànnì tirẹ̀, kódà Chrome ti yọ àmì náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà àti Android láti ọdún 2023, ó sì fi àmì ìtúnṣe mìíràn rọ́pò rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ṣé ẹ ń rí àpótí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà táàbù? Ṣé ìparí orúkọ ìkànnì náà bá ilé iṣẹ́ tí ẹ ń wá mu? Bí ọ̀kan bá kù, ẹ má tíì wọlé.

Ìpele 2: Ẹ dá ohun tó ṣí mọ̀

Bí ẹ bá kọjá ìpele yìí láìdúró, ẹ ó lo ọ̀nà tí kò bá ìwé yín mu, nítorí pé ohun tí ojú rí bí lẹ́tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni fáìlì gidi, tó sábà máa ń jẹ́ PDF. Lórí kọ̀ǹpútà, Chrome máa ń ṣí i fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá dúdú kan lókè tí nọ́ńbà ojú ewé wà lórí rẹ̀, bí 1/2, tí àmì ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ àti àmì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì wà lápá ọ̀tún. Lórí fóònù, ó lè gbà á sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tàbí kó ṣí i nínú áàpù mìíràn.

Èkejì ni ojú ewé ìkànnì tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí lẹ́tà. Orúkọ yín wà lórí rẹ̀, fọ́tò yín wà níbẹ̀, àmì ilé ẹ̀kọ́ wà lókè, síbẹ̀ kì í ṣe fáìlì rárá. Ìkànnì náà ń kó o jọ láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé ni, yóò sì tú u ká nígbà tí ẹ bá jáde. Ẹ ó rí bọ́tìnnì "Logout" tàbí àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́nà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èsì ìdánwò àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì ló wà ní irú ipò yìí, àwọn ló sì ń fa ẹjọ́ jù lọ nílé ìtẹ̀wé.

Ẹ̀kẹta ni ìwé tí ẹnìkan gbé sí Google Drive tàbí Google Docs, tó sì fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú docs.google.com tàbí drive.google.com.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹ lè sọ ọ́ lẹ́nu ara yín pé fáìlì ni, tàbí ojú ewé, tàbí ti Google, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan.

Ìpele 3: Bí ó bá jẹ́ fáìlì gidi

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì ọfà tó kọjú sísàlẹ̀, tàbí kí ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ S. Fèrèsé kan yóò béèrè ibi tí ẹ fẹ́ fi í sí. Ẹ yan fódà tí ẹ mọ̀, bí Documents. Bí kò bá béèrè, inú fódà Downloads ló lọ. Lórí fóònù Android, ẹ tẹ bọ́tìnnì dáúnlóòdù tó wà lórí ìkànnì náà, kí ẹ sì dúró títí ìfitónilétí yóò fi sọ pé ó ti parí. Lórí iPhone, Safari yóò bi yín bóyá kí òun gbà á sílẹ̀; bí ó bá ṣí i dípò bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ àmì ìpín, ìyẹn àpótí tí ọfà yọ jáde lórí rẹ̀, kí ẹ yan "Save to Files".

Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ níbí.

Ọ̀kan ni pé àwọn kan máa ń kọ́pì línkì kí wọ́n lè fi áàpù adáúnlóòdù mìíràn gbà á, nítorí wọ́n rò pé yóò yá jù. Nígbà tí ẹ wọlé sí ìkànnì, ó fi àmì ìdánimọ̀ kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní kúkì, sínú aṣàwákiri yín. Ó dà bí tálì tí wọ́n ń fún ènìyàn ní báńkì: ẹni tí tálì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Áàpù mìíràn kò ní tálì yẹn. Bí ó bá lọ béèrè ìwé, ojú ewé ìwọlé ni ìkànnì yóò fún un, fóònù yóò sì fi ojú ewé ìwọlé yẹn pamọ́ pẹ̀lú orúkọ tó parí sí .pdf. Ẹ ó rí fáìlì, ẹ ó rí orúkọ tó tọ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣí títí ayé. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ti wọlé tipẹ́ tí ìkànnì ti gbàgbé yín, nítorí náà bí ẹ bá kúrò nídìí rẹ̀ lọ jẹun, ẹ tún ojú ewé náà ṣí kí ẹ tó tẹ dáúnlóòdù.

Èkejì ni pé ẹ tẹ bọ́tìnnì, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé náà fẹ́ ṣí nínú fèrèsé tuntun ni, aṣàwákiri sì dí i lọ́nà nítorí ó rò pé ìpolówó ọjà ni. Ẹ wo ìparí àpótí àdírẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà, tàbí ìsàlẹ̀ ojú fóònù, ẹ ó rí ìkéde "Pop-up blocked". Ẹ gbà fún un, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, nítorí ẹ̀dà tí nọ́ńbà (1) àti (2) wà lẹ́yìn orúkọ wọn ni yóò kún fódà yín, ẹ kò sì ní mọ èyí tó pé nínú wọn.

Ẹ̀kẹta ni àìfarabalẹ̀. Ní ilẹ̀ olókè bí tiwa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já nígbà tí ìwé kò tíì délẹ̀ tán. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .crdownload nínú Chrome, tàbí .part nínú Firefox, kò tíì pé. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà sí .pdf, ẹ padà sí ojú ibi tí dáúnlóòdù wà, Ctrl àti J ló ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ "Resume". Bí kò bá gbà, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Bí ó bá jẹ́ 0 B, òfìfo ni. Ẹ ṣí i, kí ẹ fà á dé ojú ewé tó kẹ́yìn.

Ìpele 4: Bí ó bá jẹ́ ojú ewé tó jọ lẹ́tà

Ọ̀nà tó dára jù ni kí a sọ ojú ewé náà di PDF láti inú ètò ìtẹ̀wé aṣàwákiri, kódà bí a kò bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan nílé. Bí ìkànnì náà bá ní bọ́tìnnì "Print" tirẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, nítorí pé ó sábà máa ń bọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kúrò, tí yóò ṣẹ́ ku lẹ́tà nìkan.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ fa ojú ewé náà wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ sì dúró díẹ̀. Fọ́tò àti àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí wọ́n fi ń yẹ ìwé wò ló máa ń dé kẹ́yìn. Ẹni tó bá kánjú, ìwé tí àyè fọ́tò rẹ̀ ṣófo ni yóò tẹ̀ jáde, ẹni tí ẹ fẹ́ mú un lọ fún yóò sì dá a padà.

Lórí kọ̀ǹpútà:

1. Ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ P.
2. Níbi tí wọ́n kọ "Destination" sí, ẹ yan "Save as PDF". Bí orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yí i padà.
3. Ẹ ṣí "More settings". Ẹ yan A4 sí ìwọ̀n bébà, nítorí pé bébà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn, milimítà 210 sí 297. Nígbà mìíràn, Letter tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà máa ń gbé kalẹ̀, ó fẹ̀ díẹ̀ ju A4 lọ, ó sì kúrú jù ú.
4. Ẹ fi àmì sí "Background graphics", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ àti àmì ilé ẹ̀kọ́ lè pòórá.
5. Ẹ yọ àmì kúrò nínú "Headers and footers", àfi bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé náà bá fẹ́ rí àdírẹ́sì àti ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́.
6. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ lápá òsì. Bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bá gé, ẹ dín "Scale" kù sí 90 tàbí 80 títí yóò fi gbà.
7. Ẹ tẹ "Save", kí ẹ sì yan fódà.

Lórí fóònù Android, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, lẹ́yìn náà "Share", lẹ́yìn náà "Print". Ẹ yan "Save as PDF" lókè, kí ẹ yan A4, kí ẹ sì tẹ àmì róbótó tí PDF wà nínú rẹ̀. Lórí iPhone, ẹ tẹ àmì ìpín, ẹ tẹ "Options" lókè rẹ̀, ẹ yan PDF, kí ẹ wá yan "Save to Files".

Nínú ibi tí dọ́ọ̀tì mẹ́ta wà lórí Chrome ti Android, ọfà kan wà lókè tó kọjú sísàlẹ̀. Ó ń tan ènìyàn púpọ̀. Ojú ewé náà ni yóò gbà sílẹ̀ fún Chrome tirẹ̀ láti máa kà, kò ní di PDF, bí ẹ bá sì fi ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ má mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Bákan náà ni Ctrl àti S lórí kọ̀ǹpútà: fún ojú ewé ìkànnì, fáìlì kan tó parí sí .html àti fódà kan tó bá a rìn ni yóò fún yín. Ẹni tó bá gbé fáìlì sórí fíláàṣì tó fi fódà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò bá dé ibi tó ń lọ, láìsí fọ́tò.

Ní ti yíya àwòrán ojú fóònù, kò burú kí ẹ yà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ rí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé. Ó máa ń gé ẹ̀gbẹ́ dànù, ó ń gbé aago àti ìwọ̀n bátìrì dání, bí wọ́n bá sì fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n A4, nọ́ńbà 3 àti 8 á jọra wọn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí PDF náà kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ ka nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ wò bóyá fọ́tò wà, ẹ wò bóyá ìlà tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún kò gé, kí ẹ sì ka iye ojú ewé.

Ìpele 5: Bí ó bá jẹ́ ti Google

Èyí kò le. Lórí kọ̀ǹpútà, bí ìwé náà bá ṣí nínú Google Docs, ẹ lọ sí "File", lẹ́yìn náà "Download", kí ẹ yan PDF bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, tàbí Word bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sí i. Lórí fóònù, nínú áàpù Docs, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, "Share & export", lẹ́yìn náà "Save as". Ẹ má ro pé "Make available offline" tó ìyẹn. Inú áàpù náà nìkan ni yóò ti ṣeé kà.

Bí ẹ bá rí "You need access", ẹ má tíì bínú sí ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ wo fọ́tò tàbí lẹ́tà tó wà ní igun òkè lápá ọ̀tún. Ìmeèlì méjì ló wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ó sì lè jẹ́ èkejì ni olóhun gbà láàyè. Ẹ yí i padà kí ẹ tún línkì náà ṣí. Bí ó bá ṣì kọ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹ "Request access", kí ẹ sì fi ohùn ara yín pe olóhun, nítorí inú ìmeèlì rẹ̀ ni ìbéèrè náà yóò sùn sí bí ẹ kò bá pè é.

*Àyẹ̀wò:* Fáìlì náà gbọ́dọ̀ wà nínú fódà fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, pẹ̀lú .pdf tàbí .docx ní ìparí orúkọ rẹ̀.

Ìpele 6: Ẹ wá a rí, kí ẹ sì sọ ọ́ lórúkọ

Lórí Android, ẹ ṣí áàpù Files, tí Samsung ń pè ní My Files, kí ẹ wọ inú Download. Lórí iPhone, áàpù Files ni, nínú Downloads. Orúkọ tí ìkànnì máa ń fún fáìlì kò wúlò: "document", "print", tàbí òǹkà gígùn kan lásán. Ẹ yí i padà sí ohun tí ẹlòmíràn nínú ilé yóò lè mọ̀: irú ìwé, orúkọ ẹni tó ni ín, àti ọdún. Ẹ lo àmì ìdápọ̀ láàárín àwọn ọ̀rọ̀, ẹ sì má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, bí ó ti wù kí a fẹ́ràn èdè wa tó, nítorí àwọn ìkànnì kan wà tí kì í gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sókè.

Ẹ má pa .pdf tó wà ní ìparí rẹ́. Bí ẹ bá sì rí fáìlì tó parí sí .apk tàbí .exe nígbà tó jẹ́ lẹ́tà ni ẹ ń retí, kódà bí "pdf" bá wà láàárín orúkọ rẹ̀, ẹ pa á rẹ́ láìṣí i. Ètò tó fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ yín ni, kì í ṣe ìwé.

Ìpele 7: Ẹ pa dátà, kí ẹ ṣí i

Ẹ pa dátà àti Wi-Fi, tàbí kí ẹ tan ipò ọkọ̀ òfuurufú ("Airplane mode"). Ẹ pa aṣàwákiri pátápátá. Ẹ wá ṣí fáìlì náà láti inú fódà, kì í ṣe láti inú aṣàwákiri. Bí ó bá ṣí tó sì pé, iṣẹ́ ti dé ibi tó yẹ.

Bí kò bá ṣí, ohun tó sọ fún yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí ó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù, fáìlì náà dára, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló tì í. Àwọn báńkì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àkọsílẹ̀ owó, ìmeèlì tó gbé e wá sì sábà máa ń sọ ohun tí a ó fi ṣí i. Bí ó bá ní òun kò mọ irú fáìlì náà, ẹ wo bóyá .pdf ti bọ́ kúrò lára orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ní fáìlì náà ti bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ewé ìwọlé tí a sọ ní Ìpele 3. Ẹ lè mọ̀ dájú lórí kọ̀ǹpútà: ẹ fi Notepad ṣí i. PDF gidi máa ń fi %PDF bẹ̀rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí "html" nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ dípò rẹ̀, ojú ewé ìkànnì ni. Ẹ wọlé lákọ̀tun kí ẹ padà sí Ìpele 3.

Ìpele 8: Ẹ ní ẹ̀dà kejì

Fóònù máa ń bọ́ sómi, wọ́n sì máa ń jí i. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìmeèlì ara yín, tí Gmail bá ni, kò gbọdọ̀ ju 25 MB lọ, tàbí kí ẹ gbé e sí Google Drive, tí ó ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Bí WhatsApp bá ni ẹ fẹ́ lò, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí "Document". Ẹ má fi ìwé tí nọ́ńbà NIN tàbí nọ́ńbà báńkì wà lórí rẹ̀ sínú gúrúùpù ẹbí, bí ó ti wù kí inú yín dùn tó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí ẹ̀dà kejì náà láti orí ẹ̀rọ mìíràn.

Ìpele 9: Bí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni ẹ lò

Ẹ ní kí wọ́n ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ fún yín, Ctrl, Shift àti N nínú Chrome. Bí ẹ bá ti pa gbogbo fèrèsé ìkọ̀kọ̀ náà, ìwọlé yín yóò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ gbà sílẹ̀ láti inú rẹ̀ kì í kú: yóò wà nínú Downloads títí ẹnìkan yóò fi pa á rẹ́, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ tẹ̀lé yín lè ṣí i. Nítorí náà:

1. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ìmeèlì yín tàbí sórí fíláàṣì, kí ẹ sì ṣí i níbẹ̀ láti rí i pé ó dé.
2. Ẹ tẹ "Logout" lórí ìkànnì àti lórí ìmeèlì. Bí aṣàwákiri bá béèrè láti pa pásíwọ́ọ̀dù mọ́, ẹ kọ̀.
3. Ẹ pa fáìlì náà rẹ́ nínú Downloads, kí ẹ sì dà á nù nínú Recycle Bin.
4. Ẹ pa gbogbo fèrèsé.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tún àdírẹ́sì ìkànnì náà kọ. Pásíwọ́ọ̀dù ló gbọdọ̀ béèrè, kò gbọdọ̀ gbé orúkọ yín jáde.

Bí ó bá jẹ́ WhatsApp oníṣọ́ọ̀bù ni ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí kí ó lè tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kí ó pa á rẹ́ lójú yín, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti nínú fódà kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Delete for everyone" tí ẹ bá tẹ̀ láti orí fóònù tiyín kò lè dé orí ẹ̀dà tí ó ti gbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà náà.